Oak National Academy lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akọ́mọ-nílé tí kò fi ti ẹ̀sìn ṣe

Ká kúkú ti ibi tí ọ̀rọ̀ já sí bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ohun ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Oak ló rọrùn jù láti gbé síwájú ẹgbẹ́ àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ wọn nílé, níbi tí ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ onígbàgbọ́, ọmọ oníṣẹ̀ṣe àti ọmọ ẹni tí kì í ṣe ẹ̀sìn kankan jọ wà, láìsí pé òbí kan ń fura sí òmíràn. Àmọ́ olùkọ́ tó dúró níwájú ọgbọ̀n ọmọ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹgbẹ́ tó bá kàn tan fídíò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ mẹ́jọ nínú gbọ̀ngàn, kó tó tó 20 ìṣẹ́jú, ariwo ti gbalé.

Oṣù kẹrin ọdún 2020 ni wọ́n gbé e jáde, nígbà tí kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ló ti di àjọ ìjọba, lábẹ́ Department for Education, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Reception (kíláàsì ọmọ ọdún 4 sí 5), ó dé Year 11 (ọmọ ọdún 15 sí 16). Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń ní ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀, fídíò, sláìdì, ìwé iṣẹ́ àti ìbéèrè ìparí. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí owó ń bá lọ ni íǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá ń tẹ gbogbo ìwé iṣẹ́ jáde ní aláwọ̀ mèremère yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tó jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ alákòópọ̀ mu ni pé kò sí ẹ̀sìn tó ni ín. Ọ̀pọ̀ wa mọ PACE ti A.C.E. (Accelerated Christian Education) láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Nàìjíríà: ìwé pélébé tí ọmọ ń kà fúnra rẹ̀, tí Bíbélì wà káàkiri inú rẹ̀. Abeka, ohun ẹ̀kọ́ àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, náà bẹ́ẹ̀, ìṣẹ̀dá inú Jẹ́nẹ́sísì ni sáyẹ́ǹsì rẹ̀ dúró lé. Kò sí aburú níbẹ̀ fún ilé tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé e fún ọmọ Alhaji kẹ́ ẹ tún ní ẹgbẹ́ gbogbo ènìyàn lẹ̀ ń ṣe. Oak ní ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn lóòótọ́. Ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn ń ṣe àti ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é ló ń sọ, kì í sọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ fún ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń le ni Year 6, nígbà tí sáyẹ́ǹsì bá kan evolution, bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ó wà nínú National Curriculum, ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba là sílẹ̀, Oak sì kọ́ ọ láìfepo bọyọ̀. Òfin ò ní kí ẹni tó ń kọ́ ọmọ nílé tẹ̀ lé National Curriculum, nítorí náà òbí tí kò bá fẹ́ lè mú ọmọ rẹ̀ dúró sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ fi déètì rẹ̀ ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ohun tí ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà ni kí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá rọ́pò rẹ̀ ní wákàtí kan náà. Bẹ́ ẹ bá ṣe é fún ẹnì kan, ẹlòmíràn á béèrè tirẹ̀, ọjọ́ ìpàdé á sì di ọjọ́ ìwàásù.

Ẹ jẹ́ kí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì wà nílé, torí ibẹ̀ ni ipele àwọn ọmọ ti jìnnà síra jù. Sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti jọ́gíráfì ló yẹ ẹgbẹ́. Ẹ pín wọn sí méjì, Year 1 sí 3 lápá kan, Year 4 sí 6 lápá kejì, kí apá kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún wákàtí kan àbọ̀. Ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀, ẹnu ni kẹ́ ẹ fi bi wọ́n, ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà kí àgbàlagbà kan fi sláìdì kọ́ wọn fún ìṣẹ́jú 20. Fídíò wà fún òbí tó máa kọ́ni, kó wò ó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àti fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Iṣẹ́ àṣeṣe ní méjì-méjì, ìṣẹ́jú 25, ìsinmi àti ìpápánu, ìbéèrè ìparí. Ẹ lè gé ìdajì sláìdì kúrò: Open Government Licence, ìwé àṣẹ ìlò tó wà lórí púpọ̀ nínú rẹ̀, gbà yín láyè láti tún un ṣe, bẹ́ ẹ bá ti dárúkọ Oak. Ìwé iṣẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun, ẹ kó o sínú ọ̀rá ìwé, kí àwọn ọmọ fi bírò whiteboard kọ ọ́, kẹ́ ẹ nù ún fún àwọn tó kàn.

Ohun èlò ni Oak ò lè bá yín rà. Ó gbà pé ó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ẹ̀kọ́. Ẹ mú iná mànàmáná ti Year 4: fún ọmọ 8 ní méjì-méjì, ẹ máa nílò bátìrì AA 8, ilé bátìrì oníméjì 4, gílóòbù kékeré 2.5V 6 (méjì fún èyí tó bá jó) pẹ̀lú ìdúró rẹ̀ 4, àti wáyà crocodile clip 12. Gílóòbù 6V lórí bátìrì AA méjì á kàn máa tàn bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ, ọmọ á sì rò pé òun ni kò so ó dáadáa. Ẹ má lo bátìrì tí wọ́n ń gba iná sí: bí ọmọ bá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀ láìsí gílóòbù láàárín, ó ń gbóná kíákíá. Iṣẹ́ Year 7 sókè tó bá nílò iná ìléru tàbí ásíìdì, ẹ fi fídíò wò ó, kì í ṣe ohun gbọ̀ngàn.

Bí káńsù bá béèrè irú ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń gbà, ìwé yín ni wọ́n máa wò, kì í ṣe ti Oak. Ìwé kékeré kan tó: ọjọ́, àkòrí, máàkì ìbéèrè ìparí, àti iṣẹ́ kan tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ní ti èdè, Faransé, Spéènì àti Jámánì wà lórí Oak. Yorùbá ò sí, GCSE, ìdánwò tí ọmọ ọdún 16 ń ṣe, pàápàá ò ní in, nítorí náà ẹgbẹ́ ló máa wá àyè fún un. Nínú ìtàn, National Curriculum dárúkọ Benin (900 sí 1300) mọ́ ohun tí wọ́n lè yàn. Kò dárúkọ Ifẹ̀, ṣùgbọ́n orí idẹ Ifẹ̀ kan wà ní British Museum, ọ̀fẹ́ sì ni wíwọlé síbẹ̀.

Iye wákàtí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í kà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ọmọ 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti tó ilé ẹ̀kọ́ lọ, bá ti ń gba ẹ̀kọ́ àkókò kíkún, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni lójú òfin, ó sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Bí ọmọ kan níbẹ̀ bá ní EHCP, ìwé ètò ìrànlọ́wọ́ tí káńsù ń ṣe fún ọmọ tó ní àìní pàtàkì, ọmọ kan ṣoṣo yẹn tó. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni láti ṣe é láìforúkọsílẹ̀. Ìjọba máa ń ka ohun tó bá ju wákàtí 18 lọ lọ́sẹ̀ sí àkókò kíkún. Ọjọ́ méjì ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, 8 péré ni. Torí ẹ̀rù òfin yìí, àwọn ẹgbẹ́ kan ń dá ọmọ tó ní EHCP padà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ àkókò kíkún nìkan ló kàn. Igun kan tó dákẹ́ lọmọ bẹ́ẹ̀ nílò, àti sláìdì lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Ohun tó lè tú ẹgbẹ́ Yorùbá ká ju ẹ̀kọ́ lọ ni àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣèpàdé láìgbàdúrà. Lónìí “lórúkọ Jésù”, lọ́la “Bismillahi”, lọ́túnla ìyá tí kò ṣe èyíkéyìí ò wá mọ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gba ọmọ kankan wọlé: kò sí àdúrà àpapọ̀, kò sí pípín ìwé ẹ̀sìn, yàrá ẹ̀gbẹ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ kírun, kò sí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú oúnjẹ àjọjẹ. Ẹ má fi ìpàdé sí ọ̀sán Jímọ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ka àdéhùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Yàrá láíbìrì kì í fa awuyewuye.

Títí dé Year 9, Oak tó gbára lé. Láti Year 10, ẹ dín in kù. GCSE ló tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé, IGCSE (irú GCSE ti àgbáyé) ni wọ́n ń ṣe ní sáyẹ́ǹsì, torí ti àjọ ìdánwò Edexcel kò béèrè ẹ̀rí iṣẹ́ inú yàrá ìwádìí. Kókó ẹ̀kọ́ méjèèjì ò bára mu tán: ẹ tẹ sílábọ́ọ̀sì IGCSE jáde, ẹ wá ẹ̀kọ́ Oak tó bá ìlà kọ̀ọ̀kan mu, èyí tí kò bá ní, kẹ́ ẹ ra ìwé rẹ̀. Ilé ìdánwò tó ń gba ọmọ láti ìta kò pọ̀; ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n láti oṣù kẹsàn-án, torí oṣù kejì ni ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò oṣù karùn-ún máa ń parí.