Ẹ ṣọ́ra o, ọta àtúnkì ni wọ́n ń tà fún wa bíi ọta ológun

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́ni tó bá lóun ń ta ọta ìbọn tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn ṣọ́jà. Ọkùnrin kan tà á fún mi, ó ní ti Lake City ni, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọta fáwọn ológun Amẹ́ríkà, mo sì gbà á gbọ́ torí mo rí LC, mo rí ọdún, mo rí àgbélébùú inú òrùka tó jẹ́ àmì NATO nídìí ẹ̀. Ohun tó tàn mí gan-an nìyẹn. Kòròfo yẹn ti Lake City ni lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti yìn ín rí, ẹnì kan ló ṣà á jọ tó ki ẹ̀tù àti orí míì sí i.

Ìkẹtàlá tí mo yìn, ó kàn dún "pọ̀", kò tì mí léjìká rárá. Mo dúró. Nígbà tí mo tú ìbọn tí mo yọjú wo inú ọ̀pá ẹ̀, orí ọta ti há sáàárín, ká ní mo tún yin òmíì lé e ni, ọ̀pá yẹn ì bá bẹ́ mọ́ mi lójú. Ọwọ́ mi gbọ̀n fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ gbé ìdí ọta síbi ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Ti ológun gidi, wọ́n máa ń tẹ irin mọ́ primer, ìyẹn nǹkan kékeré tó wà nídìí ọta tó ń tanná ran ẹ̀tù, kó má baà yọ, wọ́n á tún kun ọ̀dà sí i kómi má wọlé. Tèmi ò ní ọ̀kankan, ṣe ni etí ihò ẹ̀ ń dán, wọ́n ti ha ibi tí wọ́n tẹ̀ yẹn kúrò. Ọrùn kòròfo Lake City náà máa ń ṣú díẹ̀ torí iná tí wọ́n fi rọ̀ ọ́, tèmi ń dán yinrin látòkè délẹ̀. Páálí kan ṣoṣo, mo bá ọdún 74, 81 àti 89 nídìí àwọn ọta ibẹ̀! Ilé iṣẹ́ wo ló ń dì í bẹ́ẹ̀?

Ó tún fẹ́ ta agolo ọta Soviet fún mi, 7.62x54R, ìyẹn irú ọta ìbọn Rọ́ṣíà kan, 440 nínú ẹ̀, ó ní kì í jẹ irin. Irọ́ ni, ti Soviet àtijọ́ yẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, á sì dípẹtà kíákíá. Tẹ́ ẹ bá ti yìn ín, omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi ṣàn án lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ kẹ́ ẹ tó fi òróró sí i, torí òróró nìkan ò lè tú iyọ̀.

Mo pè é, ó ní bóun náà ṣe rà á nìyẹn, látìgbà náà kò gbé fóònù mi mọ́, ó ṣì ń tà á lọ. Ẹni tó bá kọ̀ láti ya fọ́tò ìdí ọta ránṣẹ́ sí yín, bíi ogún láti inú páálí náà, ẹ má sanwó fún un.