Copilot ní kíláàsì: ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ò dín

Lára àwọn AI (ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè bí èèyàn) tí olùkọ́ lè lò láìsan kọ́bọ̀, Copilot ti Microsoft wà nínú èyí tí wọ́n ti gbé yẹ̀ wò dáadáa nítòsí wa. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje 2024, Báńkì Àgbáyé fi kọ́ àwọn ọmọ SS1 ní Gẹ̀ẹ́sì nílùú Bìní: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tí iléèwé bá ti pa dé. Ọmọ méjì-méjì ló ń jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, olùkọ́ sì ń bójú tó wọn.

Nígbà ìdánwò, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí nínú ètò náà yọ, àwọn ọmọbìnrin ló sì jèrè jù. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn yẹn ò rí àfikún wákàtí, wọn ò rí olùkọ́ nírọ̀lẹ́, wọn ò rí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní Copilot nìkan ló ṣe é, ó ń bù mọ́ ọn ni.

Wọ́n ti rí òdìkejì rẹ̀ níléèwé girama kan ní Turkey. Àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní GPT-4, AI mìíràn, lásán ń gba ìṣirò bí ẹni ń fọwọ́ rọ́rí. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, máàkì wọn fi ìdá 17 nínú 100 kéré sí ti ẹni tí kò lò ó rárá. Ìdáhùn ni wọ́n ń tọrọ. Níbi tí olùkọ́ ti bá wọn ṣètò rẹ̀ kó máa tọ́ ọmọ sọ́nà dípò kó dáhùn, àkóbá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Nítorí náà, olùkọ́ ni kó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sójú pátákó, kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ wọlé bó ṣe wà: “SS1 ni mo wà. Mo ń kọ́ past tense. Bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Má sọ ìdáhùn àfi tí mo bá ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, kí o sì sọ ibi tí mo ti ṣì í.” Lẹ́yìn náà kó máa rìn kiri. Ọmọ tó bá ń da ìdáhùn kọ láìronú, kó yí ojú ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ní kó ṣàlàyé fún ẹnìkejì rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, bébà àti bírò nìkan.

Fún Gẹ̀ẹ́sì, a fún un ní 4 nínú 5. Fún Yorùbá, 2 ni. Kẹ́ ẹ tó fi ṣe nóòtì, ẹ ní kó fi igba, igbá, ìgbà àti igbà ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Tó bá fi igbà bu omi dípò kó fi gun ọ̀pẹ, ẹ fọwọ́ ara yín kọ nóòtì náà. Kì í gbọ̀n nígbà tó bá ṣì í, ìyẹn gan-an ló léwu.

Láìsí dátà, kò sí Copilot. Ní Bìní, omíyalé àti ìyanṣẹ́lódì dí àwọn ọmọ kan lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wá jù ló jèrè jù. Kí olùkọ́ ní iṣẹ́ orí bébà nínú àpò de ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ.