Ọkọ̀ asáré wo ló dáa jù láti fi kọ́ mánúwà? MX-5, GR86 àti Mustang GT lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Bí ẹ kò bá tíì fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì rí, tí ẹ sì ti pinnu pé ọkọ̀ asáré lẹ máa fi kọ́ mánúwà, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ máa fọwọ́ ara yín ki jíà rẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye agbára ẹṣin. Ẹ béèrè bí ọkọ̀ náà ṣe ń gbéra, bí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ki jíà tí kò yẹ. Mazda MX-5, Toyota GR86 àti Ford Mustang GT ni mo fi wéra níbí. Ìbejì GR86 ni Subaru BRZ, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa ọ̀kan kan èkejì. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, jíà mẹ́fà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní.

Àwọn iye tí ẹ máa rí nínú ìwé tí wọ́n fi ń tà wọ́n ní Amẹ́ríkà rèé. MX-5 ti 2019 sókè, tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.0, ní agbára ẹṣin 181, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí kílò 1,060 lọ. GR86, tó jáde ní 2021, ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.4 àti agbára ẹṣin 228. Ó fi bí igba kílò wúwo ju MX-5. Mustang GT ti 2018 gbé V8 (ẹ́ńjìnnì onísilíńdà mẹ́jọ) lítà 5.0, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 460, ìwúwo rẹ̀ sì sún mọ́ kílò 1,700.

Gbígbéra

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyí: nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Mustang ni kì í tètè kú mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ ki jíà kìíní, ẹ má tẹ iná rárá, kí ẹ wá rọra gbé ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì. V8 náà á gbé ara rẹ̀ lọ. MX-5 náà á gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò gba ìkánjú. Bí ẹsẹ̀ bá yára díẹ̀ báyìí, ó ti kú nìyẹn.

GR86 wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má baà fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọ́pò rẹ̀ fún yín, ìyẹn Toyota 86 tó ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.0, tó kọ́kọ́ jáde ní 2012. Nǹkan bí 205 Nm ni agbára tí ẹ́ńjìnnì yẹn fi ń yí, kì í sì í pé títí ẹ́ńjìnnì á fi máa yí ní ìgbà 6,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Láàárín bí 3,000 sí 4,500, ńṣe ni agbára náà tún ń rẹlẹ̀ kó tó padà gòkè. Ti lítà 2.4 ń mú 250 Nm wá ní 3,700. Ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa mọ ìyàtọ̀ náà kíá.

Ṣé Mustang ni kí ẹ rà nígbà náà? Ní tèmi, rárá. Ọkọ̀ tó ń bo àṣìṣe ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í kọ́ni. Ẹni tó ń fi ìdajì kílọ́ọ̀ṣì di ọkọ̀ mú lórí òkè lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Mustang láìmọ̀, títí òórùn jíjóná fi máa sọ fún un. MX-5 kì í gbé ọ̀rọ̀ pamọ́: á gbọ̀n, á kú, ẹ ó sì tún un ṣe. Ojútì díẹ̀ ni gbogbo ohun tó ná yín. Agbára tó ń gbé Mustang lọ láìtẹ iná yẹn kan náà ló sì ń mú táyà ẹ̀yìn yí lófìfo lórí títì tó tutù, bí ẹsẹ̀ òsì bá já kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì nígbà tí ti ọ̀tún ti tẹ iná jù.

Kílọ́ọ̀ṣì àti ọ̀pá jíà

Kílọ́ọ̀ṣì MX-5 rọ̀, ọ̀pá jíà rẹ̀ sì kúrú débi pé ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Orí jíábọ́ọ̀sì gan-an ni ọ̀pá náà dúró lé, kò sí wáyà gígùn láàárín, nítorí náà ọwọ́ máa ń mọ̀ bí jíà bá ti wọlé. Kò sí ọkọ̀ nínú ìfiwéra yìí tó tún dáa tó o níbí.

Ti GR86 dára. Ṣùgbọ́n sípíríìnì kan wà lẹ́yìn kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tètè mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú, ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì ń yọ ọ́ dànù. Ti Mustang le díẹ̀ ju tiwọn lọ, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n ní orókún bí ẹ bá wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Ẹni tó bá ga, kó kọ́kọ́ jókòó nínú MX-5 kó tó sanwó. Kó tó di 2019, sítíárì rẹ̀ kò ṣeé fà súnmọ́ ara, orókún sì lè máa gbá a bí ẹ ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì.

Ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ

MX-5 àti GR86 ní ohun tó ń di bíréèkì mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ gbéra lórí òkè, kí ọkọ̀ má baà yí sẹ́yìn. Ó wúlò. Ohun kejì ni kí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ máa tẹ iná nígbà tí ẹ bá ń sọ jíà kalẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè bá táyà dọ́gba. Nissan 370Z ló kọ́kọ́ gbé e jáde, fún ọdún 2009. Mustang GT ti 2024 ní in, àwọn méjì yòókù kò ní. Bí ẹ bá ra èyí tó ní in, ẹ pa á títí ẹsẹ̀ yín á fi mọ iṣẹ́ náà.

Àṣìṣe tó ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́

Kí ọkọ̀ kú kò ba nǹkan kan jẹ́. Èyí tó yẹ kéèyàn bẹ̀rù ni kí ẹ wà lórí eré ńlá ní jíà kẹta, kí ẹ fẹ́ ki kẹrin, kí ọwọ́ lọ ki kejì. Ohun tó ń dí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ kó má yí jù kò lè gbà yín, torí epo nìkan ló ń gé. Táyà ló ń fi agídí yí ẹ́ńjìnnì lásìkò yẹn. Fáàfù lè gbá písítìnnì. Ẹ má di ọ̀pá jíà mú gírígírí: ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi rọra fà á, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ padà sí àárín.

Bí ó bá jẹ́ àlòkù

Ẹ wà á ní jíà kẹrin lórí eré kékeré, kí ẹ wá tẹ iná mọ́lẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí eré kò gòkè, kílọ́ọ̀ṣì ti tán, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ ki jíà kejì nígbà tí ọkọ̀ ṣì tutù. Bó bá ń ha, jíábọ́ọ̀sì ti jẹ nìyẹn. Bó bá jẹ́ 370Z lẹ rí, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ silíńdà kékeré tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì. Ó lórúkọ burúkú, inú níbi tí jíábọ́ọ̀sì bò ló sì wà, ẹ gbọ́dọ̀ sọ jíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá sì ti tan ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó gbóná kí ẹ tó dé, ẹ sọ fún un pé ẹ máa padà wá lọ́la, kó má tan án.