Lightroom, darktable àbí digiKam: èyí tí mo padà fìdí tì nínú wọn

Áàpù tí wọ́n fi ń to fótò tí wọ́n sì fi ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà ni wọ́n, mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe pé mo kàn fi ọ̀sán ọjọ́ kan tẹ̀ ẹ́ wò kí n wá máa la ẹnu o, ìkọ̀ọ̀kan wọn lo tó oṣù mélòó kan lọ́wọ́ mi. Fótò tí mo ní ti lé ní 40,000, ká má parọ́, ìdajì ẹ̀ ni mi ò rántí ìgbà tí mo yà á. Ẹni tó bá ń ya fótò mẹ́wàá lóṣù lè máa kọjá lọ jàre, fóldà lásán ti tó o.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Áàpù kan wà tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ó rẹwà, ó ń yára, mo bá jókòó tì í fún bí oṣù mẹ́fà, mò ń fi star (máàkì láti 1 dé 5) sí fótò, mò ń kọ orúkọ èèyàn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa. Ọjọ́ tí mo fẹ́ kó kúrò níbẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé inú database (àkọsílẹ̀ inú áàpù) tiẹ̀ nìkan ló ń kọ gbogbo ẹ̀ sí, kò kọ ẹyọ kan sínú fáìlì. Fótò tẹ̀lé mi jáde, star àti orúkọ dúró sẹ́yìn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu! Látọjọ́ náà, tí wọ́n bá ní kí n wá wo áàpù tuntun, mi kì í bèèrè filter, ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé níbo ló máa kọ iṣẹ́ mi sí, ṣé mo sì lè rí i kà tí áàpù ọ̀hún ò bá sí mọ́. Torí wọ́n máa ń kú o. Apple dá títa Aperture, áàpù fótò tiẹ̀, dúró ní 2015, Google pa Picasa tì ní 2016, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àìmọye èèyàn ló gbọ́kàn lé méjèèjì.

Ká mú Lightroom Classic, ti Adobe, èyí téèyàn ń sanwó fún lóṣooṣù. Tó bá di ká ṣa fótò, ká yọ èyí tó dáa kúrò nínú èyí tó ṣe bàìbàì, mi ò tíì rí èyí tó dùn ún lò tó o. Ẹ tan Caps Lock, ẹ tẹ P fún èyí tẹ́ ẹ fẹ́, X fún èyí tí kò wúlò, fúnra ẹ̀ ló máa bọ́ sórí èyí tó kàn, tẹ́ ẹ bá parí kẹ́ ẹ tẹ Ctrl àti Backspace, á kó gbogbo X jọ, á sì bi yín bóyá kó pa wọ́n rẹ́. Fótò 800 tí mo yà lọ́jọ́ kan, kò pé wákàtí kan tí mo fi sọ ọ́ di 60. Láti 2021 ló sì ti lè fúnra ẹ̀ mú ojú ọ̀run tàbí èèyàn nínú fótò kẹ́ ẹ lè tún ibẹ̀ nìkan ṣe, ìyẹn mà dùn mọ́ mi o.

Catalog ẹ̀, ìyẹn database tiẹ̀, ni mò ń bá jà. Fótò yín ò sí nínú ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ kó o sí náà ló wà, catalog kàn ń rántí ọ̀nà ibẹ̀ àti ohun tẹ́ ẹ ti ṣe sí i ni. Tẹ́ ẹ bá wá lọ gbé fóldà láti ìta, àmì ! lẹ máa bá lórí fótò, inú Lightroom gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbé e. Ó lè kọ iṣẹ́ yín sínú fáìlì ọ̀rọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní XMP lẹ́gbẹ̀ẹ́ RAW (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe) lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa tan setting yẹn fúnra yín tàbí kẹ́ ẹ máa tẹ Ctrl+S, collection (àkójọ fótò) àti virtual copy (ẹ̀dà inú catalog tí kò ní fáìlì tiẹ̀) ò sì ní bá a lọ. Tẹ́ ẹ ò bá san owó oṣooṣù yẹn mọ́ ńkọ́? Ẹ ṣì máa rí fótò nínú Library, Develop, ibi tẹ́ ẹ ti ń tún fótò ṣe, ló máa tì pa.

darktable, ọ̀fẹ́ ni, ó ti wà láti 2009, Windows ló pẹ́ kó tó dé, ìparí 2017. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i, díẹ̀ ló kù kí n yọ ọ́ dànù. Fótò tó ń dán lójú kámẹ́rà wá rí bí aṣọ tó ti ṣá! Àṣé JPEG tí kámẹ́rà ti sè sílẹ̀ ló ń fi hàn mí lójú screen ẹ̀, darktable ní tiẹ̀ gbé RAW tútù síwájú mi pé kí n sè é fúnra mi. Module (irinṣẹ́ àtúnṣe) inú ẹ̀ pọ̀ lọ súà, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, exposure, sigmoid, color calibration àti crop ni mò ń lò lórí mẹ́sàn-án nínú fótò mẹ́wàá.

Ohun tó dá mi dúró síbẹ̀ ni pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ IMG_0412.CR2 mi, mo bá IMG_0412.CR2.xmp, mi ò tẹ nǹkan kan, mi ò tan nǹkan kan. Mo fi Notepad ṣí i, mo rí star mi, mo rí tag (ọ̀rọ̀ tí mo fi ń wá fótò) mi níbẹ̀ gbangba. Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tàn yín o, XMP á gbé star àti tag lọ síbòmíì, kò lè gbé àtúnṣe tẹ́ ẹ fi slider ṣe. Ohun tẹ́ ẹ fi darktable ṣe, Lightroom ò lè kà á, torí náà èyí tó bá ti parí tó sì ṣe pàtàkì, mo máa ń export ẹ̀ sí TIFF, irú fáìlì fótò tí áàpù míì lè ṣí.

digiKam ò fi bẹ́ẹ̀ dáa fún títún RAW ṣe lójú tèmi, àmọ́ fún wíwá fótò, ọ̀gá ni. Orí kọ̀ǹpútà yín náà ló ti ń dá ojú èèyàn mọ̀, kò gbé e lọ síbì kankan, tẹ́ ẹ bá sì tan án nínú Metadata setting, á kọ orúkọ náà sínú fáìlì gan-an.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Mo kó fótò kúrò nínú káàdì sínú fóldà tí orúkọ ẹ̀ jẹ́ ọjọ́, bíi 2025-03-14, ọdún ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú kó lè to ara ẹ̀ fúnra ẹ̀. Mi ò ní format káàdì àfi tí fótò bá ti wà ní ibi méjì, wọ́n ti kọ́ mi lọ́gbọ́n lórí ìyẹn náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. darktable ni mo fi ń ṣa, èyí tí kò bá tó star 3 mi ò fọwọ́ kàn án, digiKam wá ń bá mi fi orúkọ sí i. Lightroom gba 4 nínú 5, darktable 4, digiKam 3, tí mo bá ní kí n so méjì tó gbẹ̀yìn pọ̀, mo lè fún wọn ní 4 àbọ̀, àbọ̀ tó kù wà lọ́wọ́ export tó máa ń falẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù mi tó ti dàgbà, mo máa ń fi í sílẹ̀ kí n lọ sùn ni.

Àwọn fótò àtijọ́ tí orúkọ wọn ṣòfò yẹn ńkọ́? Mò ń tún un kọ, 200 lọ́jọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan. 2016 ni mo ṣì wà.