Ìkìlọ̀: Ẹ Má Gbé Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Yín fún Oníṣòwò Tó Ní Òun Á Bá Yín Pààrọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi tó ń ra ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ láti tún ṣe, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín wà lórí ọ̀sà Èkó níbí, ẹ dákun, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó sanwó ẹ́ńjìnnì fún ẹnikẹ́ni. Oṣù keje rèé tí èmi àti àbúrò mi kò ti rí oorun sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Owó tí a san kò padà. Ẹ́ńjìnnì wa tí wọ́n gbé lọ náà kò padà.

Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, torí ọ̀rọ̀ ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ó ṣì ń ṣe é.

Ọkọ̀ afẹ́ ni tiwa, fáíbà ni, ẹsẹ̀ bàtà 38 ni gígùn rẹ̀, Ìlú Ọba ni wọ́n sì ti kàn án ní 1974. Perkins 6.354 méjì ló wà nínú rẹ̀. Orúkọ yẹn ti sọ ohun tó jẹ́: sílíńdà mẹ́fà, 354 kúbíìkì íǹṣì, bíi lítà 5.8. Ẹ́ńjìnnì tó lè fara da ìyà ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi sínú kàtàkàtà, sínú lọ́rì, sínú jẹnẹrétọ̀. Ibẹ̀ ni olè gbà wọlé sí wa lára.

Ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan péré ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò tí ẹ́ńjìnnì òsì fi ń fa omi ọ̀sà. Kí àbúrò mi tó rí i pé ọwọ́ gééjì ti wọ ibi pupa, ẹ́ńjìnnì ti hó. A pa á, a fi ti ọ̀tún nìkan rọra wọ́ dé èbúté. Nígbà tí a fa ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì jáde, ọ́ìlì tó yẹ kó dúdú ti dà bíi Milo tí mílíìkì ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, ìyẹn ohun tó dí àárín ẹ́ńjìnnì àti ìdérí orí rẹ̀, ti jó, omi ti ya wọ inú ọ́ìlì.

Bàbá tó ń bá wa tún un ṣe, tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá kí wọ́n tó bí mi, ní kí a da ọ́ìlì yẹn nù lọ́jọ́ náà gan-an, kí a fi díísù ṣan inú rẹ̀, kí a sì máa fọwọ́ yí i lójoojúmọ́ kí ó má baà dípẹtà. Wọ́n ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn á ká tọ́ọ̀pù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó bàjẹ́ ká tó sọ pé ó ti kú." Ká ní a gbọ́ràn ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì pé tí ọkùnrin náà fi pè mí. Ẹnì kan ní èbúté ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ohùn rẹ̀ tutù, ó sì mọ ẹ́ńjìnnì lóòótọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ́ńjìnnì àádọ́ta ọdún lẹ fẹ́ máa náwó lé lórí? Mo ní Perkins kan náà nílẹ̀ ní Southampton, ní Ìlú Ọba, wọ́n ti tú u palẹ̀, wọ́n ti tún un tò. Ẹ kó tiyín fún mi, màá yọ owó rẹ̀ kúrò nínú tèmi." Ó fi fídíò ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ránṣẹ́. Ó fi ìwé ránṣẹ́: písítìnnì titun, ríìnì titun, wọ́n ti fi léètì fá kiráńkí, ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí, sí ìwọ̀n 020. A san ìdá 70 nínú 100. Àwọn ọmọ rẹ̀ mú ṣéènì bulọ́ọ̀kù wá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tó máa fi di ọ̀sán, wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì wa jáde tòun ti gíábọ́ọ̀sì àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Kódà wọ́n bá wa nu ilẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tirẹ̀ dé, wọ́n fi ọ̀rá wé e lórí pákó. Ọ̀dà búlúù ara rẹ̀ ń dán gbinrin. Inú wa dùn, a ya fọ́tò.

Bàbá dé, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fọwọ́ kan rọ́bà omi, wọ́n ní kí n wá wò ó. Ọ̀dà ti bo rọ́bà, ó bo kílíìpù orí rẹ̀, ó bo etí gáàsíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n yọ ọ̀bẹ ìléwọ́, wọ́n ha ìsàlẹ̀ tọ́ọ̀pù. Ọ̀dà náà ṣí bí èèpo, ìpẹtà sì ń já bọ́ lábẹ́ rẹ̀ bíi gaàrí tó jóná. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ á fọ̀ ọ́ kó tó kùn ún."

A sọ páànù ọ́ìlì rẹ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀. Bàbá tú bíárìn kan kúrò lára kiráńkí, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ ti jẹ títí kọ́pà fi yọ, ó pupa bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Wọ́n ní kí n yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà kí n kà á. STD ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n àtilẹ̀wá, ti kiráńkí tí wọn ò tíì fá rí. Ẹ̀yin tó mọ̀ ti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: bí wọ́n bá fá kiráńkí sí 020 lóòótọ́, bíárìn tó máa bá a mu gbọ́dọ̀ ní 020 lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó fá kiráńkí kankan. Kò sẹ́ni tó tú ohunkóhun palẹ̀.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù rèé. Ẹ́ńjìnnì náà kì í ṣe ti ojú omi rárá, ti lọ́rì ni. Nínú ẹ́ńjìnnì wa, omi tútù ló ń yí kiri inú rẹ̀, omi iyọ̀ kì í dé ibẹ̀. Páńpù kan ń fa omi ọ̀sà gba inú ìgò irin kan kọjá láti tu omi tútù náà, lẹ́yìn náà ni yóò bá èéfín jáde. Mánífóòdù tí èéfín ń gbà kọjá ní omi láàárín ògiri rẹ̀ méjèèjì, kó má baà gbóná jù. Èyí tó gbé wá kò ní páńpù omi ọ̀sà, kò ní ìgò yẹn, mánífóòdù rẹ̀ sì gbẹ. Bí a bá tan irú rẹ̀ nínú ikùn ọkọ̀ fáíbà tí kò sí atẹ́gùn, mánífóòdù yẹn á pọ́n wẹ̀ẹ̀. Rọ́bà èéfín ló máa kọ́kọ́ jó. Fáíbà náà máa ń jó. Àwọn ọmọ àbúrò mi ì bá wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ Ọdún Àjíǹde. Ara mi ṣì ń bù máṣọ tí mo bá rántí.

Ìgbà yẹn ni mo lóye ìdí tí ó fi ń kánjú gba tiwa. Bulọ́ọ̀kù Perkins kọ́ ló ń wá. Písítìnnì, ríìnì, sílíìfù tí písítìnnì ń rìn nínú rẹ̀, gáàsíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ sí ọjà Ládípò, ẹ ó rí wọn, torí kàtàkàtà àti jẹnẹrétọ̀ ń lò wọ́n. Mánífóòdù olómi, ìgò ìtutù, páńpù omi ọ̀sà àti gíábọ́ọ̀sì Velvet Drive tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í sùn sílẹ̀ ní ọjà. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn lówó ju bulọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ lọ. A fi wọ́n tọrẹ, a tún fi owó lé e.

Mo pè é. Ó kọ́kọ́ ní kí n ṣe sùúrù, pé àwọn tó dì í ló ṣèèṣì gbé òmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn kò gbé fóònù mọ́. Mo tún gbọ́ fídíò yẹn pẹ̀lú ìfẹ̀sọ̀pẹ̀lẹ̀: lẹ́yìn ariwo ẹ́ńjìnnì, ẹnì kan ń kiri búrẹ́dì. Southampton tó sọ fún mi ńkọ́? Fídíò kan náà ló ṣì ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíì pẹ̀lú nọ́ńbà titun. Bí ẹ bá rí i, ẹ tẹ́tí síbẹ̀.

Ní ti bóyá kí ẹ tún ti àtijọ́ ṣe ni àbí kí ẹ ra òmíràn, ohun tí a ṣe fún ti ọ̀tún lẹ́yìn ìjàm̀bá yìí ni mo lè sọ. Bàbá ṣe ìwọ̀n agbára ìfúnpọ̀ sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ó ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Wọ́n ní pé kí ó dọ́gba ló ṣe pàtàkì ju kí ó ga lọ. Márùn-ún súnmọ́ra, ọ̀kan rẹ̀lẹ̀. Wọ́n ká tọ́ọ̀pù, kò sán, a gbé e lọ sí léètì kí wọ́n fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú. Wọ́n ti ọwọ́ bọ inú sílíìfù wò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Kiráńkí ṣì dára. Owó tí ó ná wa, kí a má parọ́, kò tó ìdajì ohun tí a san fún ọkùnrin yẹn. Bí bulọ́ọ̀kù bá sán, tàbí omi iyọ̀ ti jókòó nínú sílíńdà láti ọ̀pọ̀ oṣù, ìyẹn lọ́tọ̀, ẹ lè wá òmíràn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó ti kú láìká tọ́ọ̀pù rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ lọ síbi tó wà fúnra yín, kí ẹ fọwọ́ kan bulọ́ọ̀kù kí wọ́n tó tan án, ó gbọ́dọ̀ tutù, kí ẹ lè mọ̀ pé wọn ò tíì tan án kí ẹ tó dé. Ẹ ní kí wọ́n sọ páànù ọ́ìlì kalẹ̀ lójú yín. Tó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ara bulọ́ọ̀kù tiyín lónìí, kí ẹ tó sùn. Kí ti àtijọ́ má sì kúrò nínú ọkọ̀ títí ti tuntun yóò fi dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì ṣiṣẹ́. Àwọn ohun èlò omi ara rẹ̀, ẹ tú wọn, ẹ kó wọn pamọ́ sílé.

Ẹ́ńjìnnì wa tó gbé lọ, ewé ni àwọ̀ rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lápá òsì ti kán rí, wọ́n jó o pọ̀, ojú wẹ́dìn náà yọ kókó mẹ́ta bí orí ìka ọwọ́. Bí wọ́n bá kùn ún ní búlúù, kókó yẹn á ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí i ní Ládípò, ní Àpápá, tàbí lórí pákó ẹnikẹ́ni, kó jọ̀ọ́ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kó má bá wọn jà, kó sì fi tó mi létí. Nọ́ńbà bulọ́ọ̀kù rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá.