Kíránkì 102 mm àti àwọn ohun inú rẹ̀ fún Honda K24: ibi tó yẹ kí owó lọ

Ẹ́ńjìnnì K24 tó wà nínú Accord “End of Discussion” (EOD) ti mọ́ àwọn mẹkáníìkì Abẹ́òkúta lọ́wọ́ dáadáa. Ojú sílíńdà rẹ̀ jẹ́ 87 mm, ìrìn písítìn jẹ́ 99 mm, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ cc 2,354. Irú sẹ́ẹ̀tì tí a ń yẹ̀ wò níbí gbé ìrìn yẹn lọ sí 102 mm: kíránkì irin 4340, kọ́nrọ́ọ̀dù mẹ́rin tó gùn ní 152 mm, písítìn rírọ (forged) mẹ́rin, pẹ̀lú ríǹgì wọn àti píìnì tó so wọ́n mọ́ kọ́nrọ́ọ̀dù. Tí ojú sílíńdà bá dúró sí 87, cc á di 2,425. Cc 71 péré ló lé. Nítorí cc 71 nìkan, kò sí ìdí láti tú ẹ́ńjìnnì tó dáa palẹ̀. Tí sẹ́ẹ̀tì yìí bá máa níye lórí, fífúyẹ́ àwọn ohun inú rẹ̀ ló máa fà á.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Bí kíránkì bá ń yí nígbà 8,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí písítìn dé òkè pátápátá tó fẹ́ yí padà wálẹ̀, gíráàmù mẹ́wàá lára rẹ̀ á fa kọ́nrọ́ọ̀dù bí ẹni pé ẹrù kílò 49 ni wọ́n so rọ̀ mọ́ ọn. Odindi àpò sìmẹ́ńtì Ewékorò kan nìyẹn, lórí gíráàmù mẹ́wàá! Bí rẹ́fù, ìyẹn iye ìgbà tí kíránkì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, bá di ìlọ́po méjì, ẹrù yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ni kì í jẹ́ ká kó owó lé ohunkóhun kí òṣùwọ̀n tó sọ tirẹ̀.

Ara píìnì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ó, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni gíráàmù ti rọrùn jù láti yọ. Píìnì 22 mm tí ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 12 mm, tó gùn ní 60 mm, wúwo tó gíráàmù 126. Tí wọ́n bá gé e kúrú sí 51 mm, á di 107. Gíráàmù 19 ti lọ, okun rẹ̀ kò sì dín, nítorí písítìn tí wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé ń di píìnì náà mú nítòsí kọ́nrọ́ọ̀dù. Ohun tí a ò fọwọ́ sí ni kí wọ́n fi gígùn sílẹ̀ kí wọ́n wá fẹ ihò náà títí ara píìnì á fi fẹ́lẹ́. Ó máa ń tẹ̀, á sì fa ihò písítìn ya.

Ní ti písítìn, ẹni tó ń tà á á ní rírọ ni, á sì dákẹ́. Ẹ bi í léèrè álọ́ì wo ni, ìyẹn irú àdàlù alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ṣe é. Álọ́ì 4032 ní sílíkọ̀nù bíi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í wú púpọ̀ bó bá gbóná, àyè 0.05 sí 0.06 mm sì tó o nínú sílíńdà. Álọ́ì 2618 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní sílíkọ̀nù rárá. Ó le lábẹ́ ìyà, ṣùgbọ́n ó ń wú, nítorí náà ó ń fẹ́ 0.08 sí 0.10. Ẹni tó bá fi 2618 sí àyè 4032, písítìn á há bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, á sì fa ojú sílíńdà ya. Ẹni tó fún un ní àyè tó yẹ á máa gbọ́ kó-kó-kó láàárọ̀ kùtù kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ariwo yẹn kì í ṣe nọ́ọ̀kì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì náà.

Ohun kan wà tí ìrìn gígùn ń fà. Gíga bílọ́ọ̀kù K24, láti àárín kíránkì dé òkè bílọ́ọ̀kù, jẹ́ 231.5 mm. Ẹ yọ kọ́nrọ́ọ̀dù 152 àti ìdajì ìrìn, 51, kúrò: ó ku 28.5 mm láti àárín píìnì dé orí písítìn, dípò 30 ti tẹ́lẹ̀. Ihò píìnì lè wá wọ inú kòtò ríǹgì ọ́ìlì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ríǹgì yẹn láti gbé e dúró. Ẹ máa rí kókó kékeré kan lára rẹ̀; ìsàlẹ̀ ni kó kọjú sí, kó bọ́ sínú àlàfo ihò píìnì, kí irin náà má bàa yí kiri. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀, èéfín búlúù ni ẹ máa rí.

Kọ́nrọ́ọ̀dù sẹ́ẹ̀tì yìí tó. Kì í ṣe èyí tó fúyẹ́ jù lọ́jà, ṣùgbọ́n a fara mọ́ ọn, nítorí bóòtù ARP 2000 ló bá a wá, bóòtù sì ni ibi tí ẹ́ńjìnnì olókè rẹ́fù ti ń kú jù. Ẹ fi gééjì wọn bí bóòtù ṣe nà tó, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ wé ìwé tó bá a wá. Spánà tọ́ọ̀kì nìkan ń tanni, torí gíríìsì yàtọ̀ síra. Kọ́nrọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń nà, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́. Kò yẹ ọkọ̀ tó ń lọ Pánṣẹ́kẹ́ lójoojúmọ́.

Ẹ kó písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti píìnì wọn lọ sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ta wúrà. Ìyàtọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù kan lọ. Bí oníṣẹ́ kan bá ní òun máa gba owó láti so ìwúwo mọ́ ọrùn kíránkì kó tó balánsì rẹ̀, ẹ má san án: V6 àti V8 ló nílò ìyẹn, kì í ṣe sílíńdà mẹ́rin tó tò tẹ̀léra.

Fúláíwíìlì fẹ́ẹ́rẹ́ kò wúlò fún ọ̀pọ̀ EOD, torí ọ́tò ni wọ́n. Onígíà ọwọ́ náà, kó rántí àwọn òkè Abẹ́òkúta: bí fúláíwíìlì bá fúyẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì á máa kú mọ́ ọn lọ́wọ́ bó bá fẹ́ gbéra nínú gọ̀ọ́sílóò lórí òkè.

Kí wọ́n tó dé e pa, kí wọ́n fi ọwọ́ yí kíránkì ní odindi ìgbà méjì. Láàárín bóòtù kọ́nrọ́ọ̀dù àti ìsàlẹ̀ sílíńdà, àyè 1.5 mm ó kéré tán. Láàárín orí písítìn àti tọ́ọ̀pù, bíi 1 mm. Bí ti bóòtù kò bá tó, fífi fáìlì họ bílọ́ọ̀kù díẹ̀ sàn ju gígé kọ́nrọ́ọ̀dù lọ.

Tọ́ọ̀pù EOD gan-an kò lè mí dé 8,000. Ẹ wá ti K24A2, ẹ́ńjìnnì Acura TSX. Pọ́ǹpù ọ́ìlì tó ní ṣáàfù balánsì náà gbọ́dọ̀ kúrò, kí ti K20A2, ẹ́ńjìnnì Honda mìíràn, rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi òpin rẹ́fù sí 7,500. Ní 8,000, písítìn ń rìn mítà 27.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní 7,500, ó wálẹ̀ sí 25.5, kílò 49 tó wà lórí gíráàmù mẹ́wàá yẹn á sì di 43.