Láti orí Nissan Micra K11 bọ́ sórí K12: ohun tí mo rí láàárín ọdún 10

N'Ìbàdàn, bí ẹ bá ti pe Micra, takisí lẹ pè yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń wa K11 mi (K11 títí dé K14 ni orúkọ àwọn ìran Micra, bí wọ́n ṣe tẹ̀léra), n kì í kọjá ní Mọ́kọ́lá kí ẹnì kan má nawọ́ dá mi dúró, bẹ́ẹ̀ n kò kùn ún ní àwọ̀ takisí rí. Ọdún 7 ni mo fi lò ó kí n tó tà á. K12 ni mo rà lé e, ó ti di ọdún 3 báyìí, àwọn tó ń bi mí pé èwo ló dáa kò sì tíì dínkù.

K11 ni èyí tó rí róbótó, tó jáde lọ́dún 1992. Òun ni ọkọ̀ àwọn ará Japan àkọ́kọ́ tó gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù, lọ́dún 1993. Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe tèmi kó tó di tòkunbọ̀. Ẹ́ńjìnnì 1.0 ló ní. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ilẹ̀. Àyè wà tí ọwọ́ yóò gbà wọlé. Mẹ́káníìkì abẹ́ igi tó ní sípánà 10 àti 12 lè tú ìdajì rẹ̀, kó sì tò ó padà kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀. Ní ọjà Àràròmí ní Agodi Gate, ẹ ṣáà dárúkọ ohun tí ẹ fẹ́, wọ́n ti nawọ́ mú un.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ òde, ìyá ìyàwó mi á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ilé títí dé gbọ̀ngàn kí gèlè má baà wó. Ibẹ̀ ni K12 ti gba ìyìn lọ́wọ́ mi. Gígùn àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi mítà 3.7, àmọ́ K12 fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju K11 lọ. Gèlè dúró gbọnin. Àga ẹ̀yìn tèmi ṣeé tì síwájú sẹ́yìn, ẹ lè bù lára àyè ẹsẹ̀ kún búùtù nígbà tí ẹ bá ń ti ọjà Bódìjà bọ̀. Sitíárìn rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ìka kan tó láti fi páàkì. Ojú rẹ̀ nìkan ni n kò tíì gbà fún: iná iwájú méjèèjì yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́ tó ń wo òjò.

Inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ti K12 há, wáyà sì pọ̀ níbẹ̀. Mẹ́káníìkì mi, tó mọ K11 bí ẹni mowó, bu omi lu ẹ́ńjìnnì K12 kó lè mọ́, bó ti máa ń ṣe. Omi wọ ojú wáyà. Iná ẹ́ńjìnnì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ họrí. Ọjọ́ 2 ni ọkọ̀ fi sùn lọ́dọ̀ rẹ̀, ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tí kò ṣe nǹkan kan, kí ọmọ rewáyà kan tó gbé sikáànì, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó ń ṣe ọkọ̀, wá, tó fẹ́ atẹ́gùn sí ojú wáyà, tó sì pa iná náà. Ìṣẹ́jú 20! Ẹni tó bá fẹ́ ra K12, kó kọ́kọ́ wá ẹni tó ní sikáànì kó tó wá owó ọkọ̀.

K13 tó dé lọ́dún 2010, tí wọ́n ṣe ní Chennai ní Íńdíà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wọ̀ ọ́. AC rẹ̀ nìkan ni mo rántí. K14 ti àbúrò mi ní Manchester ni mo wà fún ọ̀sẹ̀ 2. Ilé-iṣẹ́ Renault ní Flins, ní Faransé, ni wọ́n ti ṣe é. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó mítà 4, ó dì mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ padà, ó kù díẹ̀ kó dọ́gba pẹ̀lú ti K11. Ìyá ìyàwó mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

Bí ẹ bá ń ra K12, ẹ lọ wò ó láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ṣéènì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lò. Bó bá ń dún ṣàkàṣàkà, ẹni tó ń tà á kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò.

K11 mi ti di takisí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo wọ̀ ọ́ ní Gate láìmọ̀, àfi ìgbà tí mo rí orúkọ tí ọmọ mi fi bírò kọ sára ilẹ̀kùn. "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o," ni dẹ́rẹ́bà wí. A jẹ́ mẹ́fà pẹ̀lú rẹ̀, jíà kejì ló fi gun òkè Màpó.